Ẹ Má Gbé Ìkókó Lọ sí Òṣogbo Kí Ẹ Fi Ìyá Rẹ̀ Sílẹ̀ ní Ìwó

Bí obìnrin bá bímọ nígbà tí oyún rẹ̀ kò tíì ju oṣù méje lọ, tí ọmọ náà kéré, tí èémí rẹ̀ ń já, tí nọ́ọ̀sì sì ní kí wọ́n tètè máa gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, ẹ̀yin ará Ìwó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń lọ. Wọ́n á fi aṣọ òtútù wé ọmọ. Ìyá ọkọ á gbé e lé itan, bàbá ọmọ á jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ọkọ̀ á ṣí, ó di Òṣogbo, tàbí Ifẹ̀, tàbí Ìbàdàn. Ìyá ọmọ ńkọ́? Wọ́n ní kó lọ sinmi. Wọ́n ní ọ̀nà yẹn kò dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, pé kò ní rí ibi sùn níbẹ̀, pé ta ni yóò máa bá a gbé omi kaná. Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìfẹ́. Àmọ́ ẹni tó gbé ọmọ yẹn lọ láìmú ìyá rẹ̀ dání ti fi apá kan nínú ìtọ́jú ọmọ náà sílẹ̀ nílé, kò sì sí ọsibítù tó ń ta apá náà, bó ti wù kí owó pọ̀ tó.

Kì í ṣe ìwúrí lásán ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe. Wọ́n ti ṣe ìwádìí rẹ̀, wọ́n kà á ní ení-èjì, ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti kà á kò sì jìnnà sí wa rárá. Ilé-Ifẹ̀ ni, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa níbí.

Láti ìparí ọdún 2017 di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, darí ìwádìí kan ní ọsibítù márùn-ún: ọ̀kan ní Kumasi ní Gánà, ọ̀kan ní New Delhi ní Íńdíà, ọ̀kan ní Blantyre ní Màláwì, ọ̀kan ní Dar es Salaam ní Tànsáníà, àti ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Ọmọ 3,211 ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tó tó kílò méjì nínú wọn. Láti orí gíráàmù 1,000 dé 1,799 ni ìwọ̀n wọn. Ẹni tó bá ti gbé páálí ṣúgà oníkílò kan lọ́wọ́ rí ti mọ bí èyí tó kéré jù nínú wọn ṣe fúyẹ́ tó. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Apá kan gba ìtọ́jú tí gbogbo wa mọ̀: ọmọ wà nínú yàrá ìtọ́jú àkànṣe, ìyá wà ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀, ó ń lọ ó ń bọ̀, títí ara ọmọ fi balẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lé e láyà. Ní apá kejì, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá wọ inú yàrá ìtọ́jú àkànṣe náà gan-an. Kété lẹ́yìn ìbí ni wọ́n ti gbé ọmọ lé ìyá láyà, ara kan ara, pẹ̀lú dírípù lọ́wọ́ ọmọ, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú bó bá nílò rẹ̀. Àwọn ọmọ apá kejì yìí ń lo nǹkan bíi wákàtí 17 láyà ìyá lóòjọ́. Àwọn ti apá àkọ́kọ́ kò lò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ.

Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ nìyí. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ yà kúrò lọ́dọ̀ ìyá, ìdá 15.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú kí wọ́n tó pé ọjọ́ 28. Nínú àwọn tí wọ́n fi sáyà ìyá, ìdá 12.0 ni. Àwọn àgbà tó ń ṣọ́ ìwádìí náà ní kí wọ́n dá a dúró kó tó tó àkókò, nítorí wọ́n ti rí i pé kò bójú mu mọ́ láti máa fi ìtọ́jú tó ń gbẹ̀mí là du ọmọ ẹlòmíràn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn New England Journal of Medicine. Bí a bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, tí a bá kó ọmọ 27 irú wọn jọ, tí a sì fi gbogbo wọn lé ìyá wọn lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀mí kan tí ì bá lọ ni yóò dúró. Wọn kò ṣe abẹ́rẹ́ tuntun, wọn kò pe babaláwo. Bẹ́ẹ̀dì ìyá nìkan ni wọ́n gbé sún mọ́ ti ọmọ.

Ní Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba ti ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bí láàyè, 39 ni kì í lò ju oṣù àkọ́kọ́ lọ. Ọmọ tí kò pé oṣù wà lára àwọn tó ń kú jù. Mo mẹ́nu ba èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ ìdílé kan tàbí méjì là ń sọ.

Kí ló fà á tí àyà ìyá fi lágbára tó bẹ́ẹ̀? Òtútù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọkàn sí. Ọmọ tí kò pé oṣù kò lọ́ràá lábẹ́ awọ, kò lè mú ara rẹ̀ gbóná, òtútù sì máa ń pa á nígbà tí àwa tó yí i ká ń làágùn. Ara ìyá a máa gbóná sí i bí ara ọmọ bá tutù, èyí tí ẹ̀rọ kì í ṣe láìjẹ́ pé ẹnìkan tún un tò, tí iná mọ̀nàmọ́ná sì wà. (Mi ò ní sọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná fún ará Ìwó.) Lẹ́yìn òtútù, ó kan kòkòrò àrùn. Ọmọ tó wà nínú àpótí gíláàsì, tí wọ́n ń pè ní ínkúbétọ̀, ọwọ́ oríṣiríṣi èèyàn ló ń kan án láàárọ̀ àti lálẹ́, nígbà mìíràn ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ló ń pín àpótí kan. Ọmọ tó wà láyà ìyá, kòkòrò ara ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bá pàdé, ọ̀pọ̀ nínú èyí kì í ṣeni ní jàǹbá, wàrà ìyá náà sì ń gbé ohun tó ń bá àrùn jà wá fún un. Nínú ìwádìí tí mo sọ yẹn, nǹkan bí ọmọ 28 nínú 100 ni wọ́n fura sí pé àrùn wọ ẹ̀jẹ̀ wọn ní apá tí wọ́n ya ìyá sọ́tọ̀. Ní apá kejì, ó jẹ́ 23. Òtútù tó ń mú àwọn ọmọ pàápàá dín kù níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wàrà pàápàá tó ìwé odindi. Ọmú obìnrin tí kò fojú kan ọmọ rẹ̀, tí kò gbọ́ òórùn rẹ̀, kì í pẹ́ gbẹ. Bó bá di ọjọ́ kẹta tí ọmọ wà ní Òṣogbo, tí ìyá wà ní Ìwó, ọmú rẹ̀ ti wú, ó ń ro ó, ẹnìkan á ní kó fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn á ní kó fún un dànù. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé ọmọ dé, wàrà ti lọ, ó di agolo mílíìkì. Ọmọ tí ìfun rẹ̀ kò tíì gbó ni agolo yẹn léwu fún jù lọ.

Ẹ má bínú sí àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n bá ṣe ohun tí wọ́n kọ́ wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin tó wà nínú ìwé ni pé kí ara ọmọ kọ́kọ́ balẹ̀ nínú ẹ̀rọ kí ìyá tó fọwọ́ kàn án. Ìtọ́jú àyà yìí fúnra rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ní ìlú Bogotá ní Kòlóńbíà, dókítà Edgar Rey Sanabria àti dókítà Héctor Martínez rí i pé ẹ̀rọ kò tó, pé àrùn ń ti ara ọmọ kan bọ́ sára èkejì, àti pé àwọn ìyá tí wọ́n ti yà kúrò lára ọmọ wọn pẹ́ jù ń fi ọmọ sílẹ̀ sí ọsibítù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so ọmọ mọ́ ìyá láyà bí ẹranko kangaroo ti ilẹ̀ Ọsirélíà ṣe máa ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, ìtọ́jú kangaroo, ti wá. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí ara wọn ti balẹ̀ ni wọ́n ń lò ó fún. Oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni WHO tó yí òfin náà padà fún gbogbo ayé. Ní báyìí, kété lẹ́yìn ìbí ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kó tó wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́rìnlélógún lóòjọ́. Àwọn ọmọ tí kò lè dá mí rárá, tàbí tí wọ́n wà nínú ewu ńlá tó nílò ẹ̀rọ amẹ́mìí, nìkan ló lè dúró díẹ̀ ná. Òfin tuntun kì í sáré dé gbogbo wọ́ọ̀dù. Nítorí náà, ẹ lè bá nọ́ọ̀sì tó gbọ́ ọ pàdé, ẹ sì lè bá èyí tí kò tíì gbọ́ ọ pàdé. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ìyá rẹ̀ lè gbé e sáyà? Ìgbà wo la lè bẹ̀rẹ̀?" Ìbéèrè yìí kò bú ẹnikẹ́ni.

Ohun kan wà tí àwọn dókítà kì í sábà mọ̀ nítorí pé a kì í sọ ọ́ sí wọn létí. Nígbà mìíràn, kì í ṣe ọ̀nà, kì í ṣe owó ló ń mú kí a fi ìyá sílẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà wá pé ọmọ náà kò ní dúró. Àgbà obìnrin kan á rọra fa ọkọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní: "Ẹ má jẹ́ kó rí i púpọ̀. Bó bá tún wá lọ, kó má baà dùn ún jù." Láti ayébáyé la ti ń fi òkú ọmọ pa mọ́ fún ìyá rẹ̀, tí a kì í fi sàréè hàn án. Mo mọ ibi tí ọgbọ́n yẹn ti wá, nígbà tí ikú ọmọdé pọ̀ ní ilé gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe fún ọmọ tó ṣì wà láàyè: ó ń gba ohun tí ì bá mú un dúró kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù pé kò ní dúró. Ọmọ tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ nígbà tó ṣì ń mí, ta ni yóò fún ọmú sínú ife fún un? Ta ni yóò ji nọ́ọ̀sì lóru bí èémí rẹ̀ bá dákẹ́? Bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọ náà yóò lọ lóòótọ́, ìyá tó gbé e mọ́ra mọ̀ pé òun ṣe ohun tí ìyá ń ṣe. Èyí tí wọ́n fi ọmọ pa mọ́ fún á máa bi ara rẹ̀ títí bóyá ì bá yàtọ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi àṣà yẹn sílẹ̀ fún òkú. Ẹ má lò ó fún alààyè.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí ohun ṣíṣe, láti ilé dé ọ̀nà.

Ìgbà oyún ni kí ẹ ti sọ ọ́. Bí ìyá bá gbé oyún ìbejì, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń ru, bó bá ti bímọ tí kò pé oṣù rí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Nígbà tó bá ń lọ sí kílíníìkì, ẹ béèrè ọsibítù tí wọ́n máa ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì béèrè bóyá ààyè wà fún ìyá níbẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n gbé ìyá lọ pẹ̀lú oyún nínú kó tó bí, nítorí kò sí ọkọ̀ tó gbé ìkókó rìn dáadáa tó inú ìyá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìrọbí òjijì la lè dá dúró díẹ̀, kí wọ́n fi rí àyè gún ìyá ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó. Ìyẹn kò ṣeé ṣe nílé agbẹ̀bí.

Bí ọmọ bá ti wáyé, tí wọ́n sì ní ẹ máa lọ, ìyá àti ọmọ ni kó jọ wọ ọkọ̀. Ẹ bọ́ ọmọ sí ìhòòhò, kó ku pámpásì, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀. Kí ìyá ṣí àyà rẹ̀, kí ẹ gbé ọmọ sí àárín ọmú méjèèjì, kí ó dúró lóròó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, orí rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọrùn rẹ̀ kó má tẹ̀ síwájú, kó má sì fì sẹ́yìn. Imú àti ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn síta. Kí ẹ wá fi ọ̀já tàbí ìró tó nà dì í mọ́ ìyá láti etí ọmọ dé ìdí rẹ̀, kí ẹ gbé aṣọ òtútù borí àwọn méjèèjì. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó tì wọ́n tí yóò máa wo àwọ̀ ètè ọmọ àti èémí rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, Tèlémù títí dé Òṣogbo, tàbí Lálúpọn títí dé Ìbàdàn. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ń di aró, tí èémí bá dákẹ́, ẹ fi ìka na àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tún ọrùn rẹ̀ ṣe. Ẹ má gun ọ̀kadà. Bó ṣe wù kí ó yá tó, ẹ má gùn ún.

Ká ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún ìyá, tí kò lè dìde ńkọ́? Ẹlòmíràn lè dípò rẹ̀. Nínú ìwádìí Ifẹ̀ àti ti àwọn ìlú yòókù, wọ́n gba ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n, tàbí àbúrò láàyè láti gbé ọmọ sáyà títí ìyá yóò fi lè ṣe é. Bàbá pàápàá lè ṣe é. Àyà ọkùnrin náà gbóná. (Ẹ̀yin ọkùnrin Ìwó tó ń rẹ́rìn-ín yìí, ẹ ṣáà gbé e ná.) Kí ìyá tó wà ní Ìwó máa fún ọmú rẹ̀ sínú ife tó mọ́ ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, lọ́sàn-án àti lóru, kí wàrà má baà gbẹ. Omi ọmú àkọ́kọ́ tó rí rúsúrúsú, tí àwọn kan ń pè ní ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà nù, òun ni oògùn àkọ́kọ́. Bó kéré bí omi ojú, ẹ fi ránṣẹ́. Kí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nínú òtútù. Ní ọjọ́ tí dókítà bá ti ní ìyá lè rìn, ẹ gbé e lọ bá ọmọ rẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí yóò padà sípò pátápátá.

Mo fẹ́ kìlọ̀ ohun kan fún ẹ̀yin tó máa gbé ìyá lọ. Ìyá yẹn náà jẹ́ aláìsàn. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tó bímọ. Obìnrin tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún ṣì lè ní gìrì lẹ́yìn ìbí, ẹ̀jẹ̀ sì lè ya lára ẹlòmíràn lójijì. Kí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ máa wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó jẹun, kí ó máa mu omi, kí ó má jókòó sórí bẹ́ǹṣì onígi ní kọ́rídọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Orí fífọ́, ojú tó ń ṣú, ẹ̀jẹ̀ tó ń kún páàdì ní kíákíá, ibà: ẹ pariwo sí dókítà. Kí ẹnìkan nínú ìdílé wà nítòsí rẹ̀ tó máa gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kó fi lè sùn.

Èyí ló gbé ọ̀rọ̀ wá sọ́dọ̀ ìjọba àti àwọn ọ̀gá ọsibítù, nítorí ìdílé kò lè ra bẹ́ẹ̀dì wọ wọ́ọ̀dù. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin "àkókò ìbẹ̀wò" ni wọ́n ń fi ka ìyá sí àlejò. Wákàtí kan láàárọ̀, wákàtí kan nírọ̀lẹ́, a ti ilẹ̀kùn. Ní alẹ́, àwọn ìyá á tẹ́ ìró sílẹ̀ níta wọ́ọ̀dù, ẹ̀fọn á máa jẹ wọ́n. Ẹni tó bá rí wọn níbẹ̀ tó sì ní bẹ́ẹ̀ ni ọsibítù ṣe rí, kò tíì ronú nípa iye tó ń ná wa. Ní Stockholm ní Súwídìn, ìwádìí tó jáde ní ọdún 2010 fi hàn pé nígbà tí wọ́n fún òbí láàyè láti máa sùn ti ọmọ wọn láti ọjọ́ tó wọlé títí di ọjọ́ tó jáde, àwọn ọmọ náà fi nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún tètè jáde ju àwọn tí òbí wọn kò lè sùn níbẹ̀ lọ. Ọjọ́ márùn-ún nínú yàrá ìtọ́jú àkànṣe, ẹ̀yin tó ti san owó rẹ̀ rí, ẹ mọ iye tó jẹ́. Ní ọdún 2023, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hippolite Amadi gba ẹ̀bùn ńlá NLNG fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nítorí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó ń ran ìkókó lọ́wọ́ láti mí. A patẹ́wọ́ fún un, ó sì tọ́ sí i. Mi ò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni gba ẹ̀bùn nítorí ó gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá wọlé. Bẹ́ẹ̀dì àti àga tó ṣeé rọ̀gbọ̀kú, ilé ìwẹ̀ kan, ilé oúnjẹ kékeré: àwọn nǹkan tí ìjọba ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ Ìwó nílé àti lẹ́yìn odi, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì lè dá owó fún láìdúró de Àbújá nìyẹn. Mo fẹ́ kí ó wà nínú ọsibítù ìjọba tó wà ní Ìwó yìí kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí, kí ọmọ tó kéré ṣùgbọ́n tó ń mí dáadáa má ní ìdí láti kúrò nílùú rárá.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọjọ́ kẹjọ bá ń sún mọ́lé, àwọn ẹbí á ní kí ìyá máa bọ̀ nílé, pé wọ́n ti ra àgbò, pé àáfà tàbí pásítọ̀ ti gba ìpè, pé ìyá ọmọ kò lè ṣàìsí níbẹ̀. Ẹ pe àáfà yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ bi í. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á sọ fún yín pé bí àgbò kò bá ṣeé pa ní ọjọ́ keje, ó lè jẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá tàbí ọjọ́ kọkànlélógún. Pásítọ̀ náà kò ní bínú. Ẹ lè fún ọmọ lórúkọ láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kí ẹ jẹ ẹran nígbà tó bá dé.

Àwọn nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ jáwọ́ nínú wọn láìsí àríyànjiyàn. Ẹ má fi ìgò omi gbígbóná tàbí sítóòfù mú ọmọ gbóná. Ó ti jó ọ̀pọ̀ ọmọ, èéfín sítóòfù sì ń pa ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má wẹ ọmọ tó kéré bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má gbé e sókè kí ẹ jù ú, ẹ má nà án lápá lẹ́sẹ̀ bí olùwẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Ẹ má fún un ní àgbo, oyin, omi, tàbí ṣúgà. Ẹ má kó káńfọ̀ funfun sí àárín aṣọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò lè bá káńfọ̀ ṣe, ó ń fa ibà pọ́njú tó lè ba ọpọlọ jẹ́ tàbí kó pa ọmọ. Bí ojú tàbí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ bá sì ń pọ́n, ẹ má gbé e sínú oòrùn kí ẹ ní ó ti ń gba ìtọ́jú. Lóòótọ́, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ọsibítù ìyálọ́mọ ní Èkó àti ní ọsibítù Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́ fi hàn pé oòrùn lè ṣiṣẹ́, àmọ́ abẹ́ àgọ́ àkànṣe tó ń sé ìtànṣán tó léwu ni, pẹ̀lú dókítà tó ń gba ẹ̀jẹ̀ wò. Oòrùn ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti owó, ẹ béèrè nígbà oyún bí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe lè ràn yín lọ́wọ́, kí ẹ sì forúkọ sílẹ̀ kí ìnira tó dé. Bí owó ọsibítù bá wọ̀ yín lọ́rùn, ẹ sọ fún àwọn tó ń ṣàbójútó ìrànwọ́ aláìsàn níbẹ̀. Ẹ má sá ní ọ̀gànjọ́ òru pẹ̀lú ọmọ tí kò tíì tó ìlọ.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ní ẹ máa lọ sílé, iṣẹ́ àyà yìí kò tíì parí. Kí ìyá máa bá a lọ títí ọmọ yóò fi tó ìwọ̀n tí nọ́ọ̀sì sọ, tàbí tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jà láti jáde kúrò níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé e gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, àwọn tó ń wúkọ́ sì gbọ́dọ̀ jìnnà. Bí ọmọ kò bá mu ọmú mọ́, bí ara rẹ̀ bá tutù tàbí ó gbóná jù, bí èémí rẹ̀ bá yára tí ìhà rẹ̀ ń wọlé, bí gìrì bá gbé e, bí ìdodo rẹ̀ bá ń ṣọyún, bí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n, ẹ má dúró de àárọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí láìpé oṣù, pàápàá tí wọ́n fi ọ́ksíjìn sí nímú, gbọ́dọ̀ fojú kan dókítà ojú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn ìbí, nítorí ojú rẹ̀ lè máa bàjẹ́ láti inú wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ gba ọjọ́ yẹn kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì.